Ríwọ́ọ̀dù Tó Wà Lábẹ́ Fọ́tò Bàbá

Síìpù ni Fàtímọ̀ lọ rà ní Ṣàngó lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Aṣọ oníbàárà kan wà nílẹ̀ tó fẹ́ parí kó tó di Jímọ̀, síìpù tó sì wà nílé kò bá àwọ̀ aṣọ náà mu. Aránṣọ ni, ní Ojú Ore ló ń gbé, iwájú ilé náà ló sì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún un, Àìṣát, ti parí ilé ìwé gírámà, ó ń retí ìgbà tí wọ́n máa gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì.

Ó ti ra síìpù náà tán, ó ń wá bó ṣe máa sọdá títì, nígbà tó gbọ́ ariwo.

"Gbọ́mọgbọ́mọ! Gbọ́mọgbọ́mọ!"

Kó tó wẹ̀yìn, èrò ti pé jọ, àfi bí ẹni pé láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń retí ariwo náà. Bàbá arúgbó kan ló wà láàárín wọn, ó di ọwọ́ ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ aṣọ ilé ìwé mú. Wọ́n já ọmọ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan gbá bàbá náà létí, fìlà rẹ̀ sì bọ́ sínú ẹrẹ̀.

"Níbo lò ń gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ?"

"Ilé ni," bàbá náà dáhùn. "Ilé ni mò ń lọ."

"Ilé wo? Kí lorúkọ rẹ?"

Bàbá náà ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí orúkọ kankan sọ. Ìyẹn gan-an ló bí àwọn èrò náà nínú jù. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní kí wọ́n lọ wá táyà wá.

Ojú aránṣọ ni Fàtímọ̀ fi wo bàbá náà. Bùbá tó wà lọ́rùn rẹ̀ kì í ṣe aṣọ yẹpẹrẹ, ẹni tó mọṣẹ́ ló ṣe ọnà ọrùn rẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì òkè ló wà nínú ihò ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, èkejì wọ sílípáàsì. Fàtímọ̀ sọ nínú ara rẹ̀ pé ẹnì kan wà tó ń tọ́jú bàbá yìí, ẹni náà kàn ni kò sí nílé nígbà tó ń múra. Ó rántí bàbá tirẹ̀ tó bí i lọ́mọ, tí kò dá a mọ̀ mọ́ kó tó kú. Kò tún ro nǹkan kan mọ́. Ó fi èjìká la àárín èrò kọjá, ó sì dì mọ́ bàbá náà.

"Bàbá mi ni! Ẹ má pa bàbá mi fún mi o! Ara rẹ̀ ni kò yá!"

"Bàbá ẹ ni? Kí lorúkọ rẹ̀?" ọkùnrin táyà bi í.

"Ìwọ, ṣé o máa ń fi orúkọ pe bàbá tìẹ ní gbangba ni?" Fàtímọ̀ fi igbe dá a lóhùn. Omi ti ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀! Ẹ wo bó ṣe de bọ́tìnnì! Ṣé ẹni tó fẹ́ jí ọmọ gbé ló máa múra báyìí?"

Wọ́n wò ó lóòótọ́. Ìyá kan tó ń ta omi inú ọ̀rá sọ pé òun ti rí bàbá náà láti àárọ̀, pé ńṣe ló ń bi gbogbo ẹni tó bá ń kọjá léèrè ọ̀nà. Ọmọ ilé ìwé náà fúnra rẹ̀ ń sunkún, ó ní bàbá náà kò ṣe òun ní nǹkan kan, pé òun lòun fẹ́ mú un sọdá. Ohùn àwọn èrò rọlẹ̀. Fàtímọ̀ ṣa fìlà nínú ẹrẹ̀, ó di bàbá náà lápá mú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ohun tí mo ti ń sọ fún wọn nìyẹn," ni bàbá náà wí.

Kì í ṣe ilé ni Fàtímọ̀ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ó mọ̀ pé òun ti pa irọ́ níwájú èrò, kò sì fẹ́ kí irọ́ náà di ọ̀ràn sí òun lọ́rùn. Tààrà ló mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá Ṣàngó. Ọlọ́pàábìnrin tó wà ní kántà tẹ́tí sí i dáadáa, ó ya bàbá náà ní fọ́tò, ó sì gba nọ́ńbà fóònù Fàtímọ̀.

"Ìyá, ẹ ṣeun," ọlọ́pàá náà wí. "Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Àfi sẹ́ẹ̀lì nìkan la ní tí a lè fi í sí. Tí ẹ bá lè ràn wá lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín títí tí ẹbí rẹ̀ fi máa wá."

Bàbá náà sì di àlejò ní Ojú Ore. Ó wẹ̀, ó jẹ ẹ̀bà, ó gbàdúrà fún Àìṣát pé kó rí ọkọ rere fẹ́. Ìyá Bánjí ló ń pe Fàtímọ̀. Bí Fàtímọ̀ bá ní òun kọ́ ni Ìyá Bánjí, á ní kó má bínú, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á tún pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, Fàtímọ̀ ń dá a lóhùn. Tó bá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ó máa ń ka àjákù aṣọ jọ, á tò wọ́n ní àwọ̀ àwọ̀, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Treasure sáré wọlé láti ibi iṣẹ́. Yàrá tó kọjú sí ti Fàtímọ̀ ló ń gbé. Ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti bí i, iṣẹ́ tó rí ní yunifásítì ló gbé e wá sí Ọ̀tà, kò sì sí ọjọ́ tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó na fóònù rẹ̀ síta.

"Mummy Àìṣát, ẹ wò ó! Ẹnì kan ló fi í sórí Wáásáàpù wa. Ṣé bàbá yìí kọ́ nìyí?"

Bàbá náà ni. Ó wọ agbádá nínú fọ́tò náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Pa Oyèwùmí ni, pé ó jáde nílé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì padà. Nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá pé háńsọ̀mù ríwọ́ọ̀dù wà fún ẹni tó bá rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Rauf, àbúrò Fàtímọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà, ti wà nílé lọ́jọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún oṣù mẹ́sàn-án, dókítà sì ti sọ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Láti ìgbà náà ni oorun kò ti kùn Rauf mọ́.

"Ríwọ́ọ̀dù!" Rauf pariwo. "Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run ti dá wa lóhùn. Owó ńlá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀."

"Owó kọ́ ló túmọ̀ sí," Alàájì Sírájúdéènì tó ni ilé dá a lóhùn láti orí ìjókòó rẹ̀. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ọ̀tà, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan kọjá lẹ́bàá rẹ̀ láì tú u wò. "Láádá ni. Ohun tí Fàtímọ̀ ṣe yẹn, láádá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ènìyàn ò lè san án."

"Alàájì, ẹ̀yin náà lẹ wí i," ni Treasure wí. "Èrè la máa ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń lò ó fún ẹ̀san o. Bí ènìyàn bá hùwà burúkú tí ìyà sì jẹ ẹ́, wọ́n á ní ríwọ́ọ̀dù rẹ̀ nìyẹn."

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo?" Alàájì bi í. "Òun náà ni ire, òun náà ni ìyà? Háńsọ̀mù tí wọ́n tún fi síwájú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọkùnrin arẹwà ni wọ́n fẹ́ fún obìnrin opó ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Bàbá náà sì bá wọn rín in. Fàtímọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Fọ́tò náà ló ń wò.

"Ẹ ti pè wọ́n?" ló béèrè. "Ẹnì kan ò lè sùn níbi tí bàbá yìí ti wá. Ẹ pè wọ́n ná, kí ẹ tó máa túmọ̀ èdè."

Rauf ní òun máa pè wọ́n, pé ohùn ọkùnrin ló yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà náà sórí fóònù rẹ̀, ó sì bọ́ síta. Nígbà tó wọlé, ó ní wọ́n dúpẹ́ púpọ̀, wọ́n ń bọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Fàtímọ̀ gbé aṣọ Bàbá, ó fọ̀ ọ́, ó sì lọ̀ ọ́ kó tó sùn.

Kò mọ ohun tí Rauf sọ níta. Ohun tó sọ fún ọmọ Bàbá ni pé, "Bàbá yín wà lọ́wọ́ wa. Kí la máa rí níbẹ̀?" Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn bàbá òun, Rauf ní ìyẹn kọ́ ló kàn, pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá pàdé òun lábẹ́ afárá Ṣàngó, kí wọ́n jọ sọ ti ríwọ́ọ̀dù náà ná. Lójú tirẹ̀, ó ń ná ọjà ni. Lójú ẹni tó ń gbọ́ ọ, ajínigbé ló ń sọ̀rọ̀.

Ní òwúrọ̀, Fàtímọ̀ ti wọ Bàbá láṣọ, ó ti de bọ́tìnnì rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì gbé àga fún un síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ló dé. Rauf, tí wọ́n ti lọ mú lábẹ́ afárá, ni wọ́n kọ́kọ́ mú bọ́ sílẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti wú. Ọkùnrin kan tó wọ ṣáàtì ilé iṣẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n, sáré bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

"Dádì! Dádì, èmi ni, Bánjí ni. Kí ni wọ́n ṣe fún yín?"

Bàbá fọwọ́ kan orí rẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀ o," ló wí, bí ìgbà tí ènìyàn ń kí àlejò.

Ọkùnrin náà, Ọlábánjí lorúkọ rẹ̀, dìde, ó sì nàka sí Fàtímọ̀. "Ṣé ẹ̀yin lẹ jí bàbá arúgbó gbé? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyá ọmọ?"

Ojú Fàtímọ̀ ṣókùnkùn. Ó wo Rauf, Rauf wolẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Alàájì ń sọ̀rọ̀, Àìṣát ń pariwo, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Wọ́n ní kí Fàtímọ̀ wọ ọkọ̀. Bàbá kò fẹ́ kó lọ. Etí ìró rẹ̀ ló dì mú títí wọ́n fi kó àwọn méjèèjì sínú ọkọ̀ pọ̀.

Bí wọ́n ṣe wọ àgọ́ ọlọ́pàá Ṣàngó báyìí, ọlọ́pàábìnrin tó wà ní kántà gbójú sókè.

"Ìyá, ẹ káàárọ̀!" ló wí. "Ṣé ẹ ti rí àwọn ẹbí bàbá ni? Mo ṣì fẹ́ pè yín láàárọ̀ yìí."

Gbogbo wọn dúró. Ọlọ́pàá tó mú Rauf bi í pé níbo ló ti mọ obìnrin náà. Ọlọ́pàábìnrin náà sọ ọ́ fún wọn bí Fàtímọ̀ ṣe mú bàbá wá fúnra rẹ̀, bó ṣe jẹ́ pé òun lòun bẹ̀ ẹ́ pé kó mú un lọ sílé, àti pé díẹ̀ ló kù kí àwọn èrò sun bàbá náà níná ní Ṣàngó. Ó bínú gan-an. Ó ní ká ní ẹbí Bàbá ti wá sọ ọ́ ní àgọ́ náà ni, lọ́jọ́ kìíní ni wọn ì bá ti rí i. Ọlábánjí ní àgọ́ mìíràn tó súnmọ́ ilé òun lòun kọ́kọ́ lọ, alẹ́ àná tí wọ́n ní kí òun wá sábẹ́ afárá Ṣàngó lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá àwọn ọlọ́pàá ibí.

Ìjókòó onígi kan wà níbẹ̀. Ọlábánjí jókòó lé e. "Wọ́n fẹ́ sun ún níná?" ló ń sọ. "Bàbá mi?"

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Fàtímọ̀ lórí sìmẹ́ńtì níwájú gbogbo èrò. "Ẹ dárí jì mí, Mà. Ẹ dákun. Mo kọ ríwọ́ọ̀dù síbẹ̀, ẹ sọ ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́. Mo máa ṣe é."

Fàtímọ̀ wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. Ó ń bínú sí i. Inú sì bí i sí Rauf ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ dìde," ló wí. "Àbúrò mi tó wà lẹ́yìn kántà yẹn ni mo fẹ́. Ó hùwà òmùgọ̀, ó sì yẹ kí ojú tì í. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ, ìbẹ̀rù owó iléèwòsàn ló gba ọpọlọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ríwọ́ọ̀dù tèmi nìyẹn."

"Òun nìkan?"

"Ṣé òun kéré ni?"

Kì í ṣe kíá ni wọ́n fi Rauf sílẹ̀. Ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ bá a wí títí, Ọlábánjí sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé òun kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ mọ́. Nígbà tó jáde, Rauf dojúbolẹ̀ fún Bàbá. Bàbá ní kó máa pẹ̀lẹ́, ó bi í bóyá ó ṣubú ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọlábánjí padà wá sí Ojú Ore pẹ̀lú Bàbá. Kò gbé àpò ìrẹsì wá, kò gbé àpò owó wá. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó sì ṣàlàyé ara rẹ̀.

"Ẹnjiníà ni mí ní ilé iṣẹ́ kan ní Ṣàngó níbí. Adó-Odò ni Dádì ń gbé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìyá mi kú, mo mú un wá sọ́dọ̀ mi. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́, èmi náà ń ṣiṣẹ́. Ìyá, kí n má purọ́ fún yín, ńṣe la máa ń ti géètì mọ́ ọn láti ìta. Ẹni tó wá ka mítà iná ló gbàgbé rẹ̀ ní ṣíṣí lọ́jọ́ náà." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Láti ìgbà tó ti padà délé, kò jẹun dáadáa. Ìyá Bánjí ló ń béèrè. A rò pé màmá mi ló ń wá. Àná ló wá sọ pé Ìyá Bánjí tó ń ránṣọ."

Fàtímọ̀ wo Bàbá. Ó ti fa apẹ̀rẹ̀ àjákù aṣọ mọ́ra, ó ti ń tò wọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó lè máa wà lọ́dọ̀ yín lọ́sàn-án?" Ọlábánjí béèrè. "Mo máa san owó iṣẹ́ fún yín lóṣooṣù. Kì í ṣe ríwọ́ọ̀dù o. Iṣẹ́ ni."

Fàtímọ̀ ní kó jẹ́ kí òun rò ó. Ó mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Bàbá tirẹ̀ ti fi yé e. Àìṣát ló kọ́kọ́ sọ pé òun máa ràn án lọ́wọ́ títí ilé ẹ̀kọ́ fi máa pe òun. Alàájì ní kí wọ́n lo gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé òun náà ń wá ẹni tí òun máa bá sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ Sátidé, Rauf kó irin dé láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó jó géètì kékeré kan mọ́ ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, irú èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, tí ẹni tó jókòó sínú lè máa rí títì àti àwọn tó ń kọjá. Ó kùn ún ní àwọ̀ ewé. Kò bá Fàtímọ̀ sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà, Fàtímọ̀ náà kò bá a sọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé oúnjẹ fún un, ó sì fi ẹran méjì sí i.

Ìyàwó Rauf bí obìnrin. Iṣẹ́ abẹ kò sí níbẹ̀ rárá. Fáìzàh ni wọ́n sọ ọmọ náà.

Nígbà tí òjò ọdún náà fi máa dáwọ́ dúró, Bàbá kò dá wà mọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Treasure ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan sì mú ìyá rẹ̀ wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n mú Bàbá Bàdírù wá, awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì, tó rò pé gbogbo ẹni tó bá wọlé ló fẹ́ wọ ọkọ̀ òun. Fàtímọ̀ ṣì ń ránṣọ, ṣùgbọ́n ó ti gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́ láti máa wo àwọn arúgbó náà pẹ̀lú Àìṣát. Inú ilé náà máa ń pariwo lọ́sàn-án ju ilé ìwé lọ.

Ọlábánjí fúnra rẹ̀ ló máa ń wá mú bàbá rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ló máa ń dúró sínú mọ́tò, á tẹ fèrè. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó ń bá a bó ẹ̀pà. Bàbá wò ó títí.

"Ọmọ dáadáa ni ẹ́," ló wí. "Ta ni bàbá ẹ?"

Fàtímọ̀ dá ẹ̀rọ dúró. Irú ìbéèrè yẹn ti máa ń mú kí ojú Ọlábánjí le tẹ́lẹ̀, á ní "Dádì, ẹ rántí," á máa fi fọ́tò hàn án. Lọ́jọ́ yìí, ó kàn bó ẹ̀pà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó sì kó o sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, sà," ló wí.

"Èmi?" Ó ya Bàbá lẹ́nu. Ó yíjú sí Bàbá Bàdírù, ó yíjú sí Alàájì, bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí. Ẹ̀rín wá gba gbogbo ojú rẹ̀ kan. "Ẹ gbọ́ o! Ó ní èmi ni! A jẹ́ pé mo ṣe oríire nìyẹn."

Ó ju ẹ̀pà náà sẹ́nu, ó sì ní kí ọmọ òun tún bó òmíràn.